Oríire Wọ Dánfó Lọ Síbi Iṣẹ́

Ọjọ́ kẹta tí mo dé El Alto, ní Bòlífíà, ni mo kọ́kọ́ wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀, mo gbé báàgì sórí itan, mo ṣe jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ sílé-ìwé. Kọ̀ńdọ́ yọrí síta, ó ń pariwo "Ceja, Ceja, Ceja!" bí ẹni tó ń pe èrò Ìwó Road. Inú mi dùn. Mo ní áà, mo ti délé. Àfi bí ìyá kan tó dé fìlà róbótó dúdú ṣe wò mí, tó yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó sì já a léèékánná lápá. Ọmọ náà ké, ó já ìyá rẹ̀ padà. Bàbá tó jókòó tì wọ́n já ìyàwó tirẹ̀. Kí a tó dé bọ́sítọ́ọ̀bù kejì, gbogbo ọkọ̀ ti ń já ara wọn léèékánná, ó ku èmi nìkan.

Mo dìde, mo yẹ ìjókòó wò. Ìdun ni mo fura sí.

Mo dé ibi iṣẹ́, mo ròyìn fún ọ̀gá mi, ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Ó ní "Suerte, negrito" ni wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀, ìyẹn "Oríire, dúdú kékeré." Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá rí aláwọ̀ dúdú lọ́nà, kó yára já ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèékánná, oríire á bá wọn lọ́jọ́ náà. Oríire! Èmi! Èmi tí mo ṣì jẹ gbèsè owó ọkọ̀ òfurufú, tí káàdì ìgbélùú mi kò tíì jáde, tí ẹ̀rọ gbówó-gbówó gbé káàdì mi mì lọ́jọ́ tí mo balẹ̀. Bó bá ṣe pé èmi ni oríire, ẹ gbà mí, ta ni yóò já mi léèékánná kí díẹ̀ kàn mí?

Ẹ jẹ́ kí n má fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ṣá. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ ọmọ Yungas, níbi tí àwọn adúláwọ̀ Bòlífíà ń gbé, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú wá láti Áfíríkà láyé iṣẹ́ fàdákà Potosí. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Èdè Aymara ló fi ń bú àwọn awakọ̀ yòókù. Síbẹ̀, láti kékeré rẹ̀ ni wọ́n ti ń já ara wọn léèékánná nítorí rẹ̀. Ó ní: "Láti bí àádọ́ta ọdún ni mo ti ń pín oríire, kò sẹ́ni tó dá ṣéńjì padà fún mi." Òfin tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wà nílẹ̀ láti 2010, Òfin 045 ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó lè di èékánná mú nínú dánfó. Òun náà ló sọ fún mi pé àwọn ní ọba, Julio Pinedo, ní Mururata. Wọ́n dé e ládé ní 1992, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2007. Mo ní ṣé a lè lọ kí Kábíyèsí? Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni Kábíyèsí, ká má lọ bá a lóko. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ọba tí kò sí kàkàkí níwájú rẹ̀, tí kò sí ìlàrí lẹ́yìn rẹ̀, tó gbé irinṣẹ́ lọ sóko. Mo ní láti wá ibì kan jókòó sí.

Ká má parọ́, mo máa ń jókòó púpọ̀ níbí. Pápákọ̀ òfurufú El Alto fi 4,061 mítà ga ju òkun lọ. Lóṣù Júláì 2023 tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ òfurufú fún mi, ńṣe ló dà bíi pé àwọn kan ti mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán kí n tó dé. Orí mi ń dún bíi gángan. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni mo gùn dé yàrá mi, mo sì ń mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì gun òkè Mápó. Tí o bá fẹ́ bá ènìyàn jà níbí, kọ́kọ́ sinmi ná. Sorojchi ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn. Obìnrin tí ilé-iṣẹ́ rán wá pàdé mi gbé tíì kan fún mi, ewé ń léfòó nínú rẹ̀. Mo ti mu ún dé ìdajì kí n tó béèrè pé ewé kí ni.

"Coca," ó ní.

Ẹ̀yin ará ilé! Pẹ̀lú ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé lápò mi! Mo ti rí ara mi nínú ìròyìn NDLEA: èmi rèé, mo gbé pátákó orúkọ sáyà, ìyá mi ń sunkún lẹ́yìn. Mo rọra gbé ife náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ewé kì í ṣe ẹtù funfun tí àwọn ọ̀daràn ń sè jáde nínú rẹ̀. Ó ní ewé yìí wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ wọn ti 2009. Ó ní nítorí rẹ̀ ni ìjọba wọn ṣe jáde kúrò nínú àdéhùn àgbáyé lórí oògùn olóró, tí wọn kò sì padà wọlé títí di 2013, lẹ́yìn tí wọ́n gba àyè pé kí wọ́n máa jẹ ewé wọn ní ilẹ̀ wọn. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Bòlífíà ni wọ́n bá ṣàdéhùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ Ìbàdàn níbẹ̀.

Orí náà fúyẹ́ ṣá. Mo mu ìdajì tó kù. Nígbà tí mo wá kí yín ní Kérésìmesì 2024, ẹ̀ẹ̀méje ni mo fọ gbogbo àpò ṣòkòtò mi, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ojú ìránṣọ. Ẹ rí i pé mi ò gbé tíì wá fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ iná oòrùn ni mo wá ṣe. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń so páànẹ́lì sólà mọ́ òrùlé ní Ìbàdàn. Ẹni tó dàgbà sínú òkùnkùn, iná á yé e. Ilé-iṣẹ́ wa níbí ń gbé e lọ sí àwọn abúlé Altiplano, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tó tẹ́ rẹrẹ lókè réré. Mi ò tíì lo oṣù kan tán tí wọ́n fi rán mi lọ sí abúlé kan. Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni. Mo wọn ilẹ̀, mo kan èèkàn, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́jọ tí a ó da kọnkéré sí. Olórí àwọn bíríkìlà, tí gbogbo wa ń pè ní Maestro, gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ògiri. Ó wò mí bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ ki ọwọ́ àìwẹ̀ bọ abọ́.

"Ẹnjiníà, ta ló ti tọrọ àyè?"

Mo ní olórí abúlé ti buwọ́ lùwé.

Ó ní òun ò sọ ti olórí abúlé. Ilẹ̀ ńkọ́?

Ó wá là mí lóye. Pachamama, Ìyá Ilẹ̀, ẹnu ló yà sílẹ̀ lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ebi ń pa á. Bí a bá ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìkọ́kọ́ bọ́ ọ, yóò fúnra rẹ̀ mú ohun tí yóò jẹ nínú wa. Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Ó lè jẹ́ pé nítorí èmi ni mo sanra jù.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù pé àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀gá yìí lọ kàwé ní Jámánì o, ó máa ń ka bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ṣé mi ò ka ìwé ìnáwó iṣẹ́ náà ni? Mo ṣí i. Sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀, lábẹ́ bátìrì ni wọ́n kọ "mesa" sí, ìyẹn ètùtù, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ó ní kí n lọ rà á, kí n sì gba rìsíìtì.

Òpópónà Linares ní La Paz ni mo lọ. Ọjà Àwọn Àjẹ́ ni wọ́n ń pè é fún àwọn òyìnbó tó wá ya fọ́tò. Mo gbàdúrà kí n tó wọ̀ ọ́. Mo wọlé, mo rí ewé gbígbẹ, egbò igi, ọṣẹ oríire, lọ́fíńdà ìfẹ́, òkú ẹran gbígbẹ tí wọ́n so kọ́. Mo ní ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́ ariwo. Lẹ́kùlẹ́jà ni! Irú ìsọ̀ yìí wà lọ́jà Òjé, kìkì pé tiwa ń ta ọ̀gà àti orí ọ̀bọ, tiwọn ń ta sullu, ọmọ llama tí kò délé ayé. Llama yẹn náà, ràkúnmí tí wọ́n gba iké lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n wá fi súwẹ́tà tù ú nínú. Ọmọ inú rẹ̀ tó bá ti kú ni wọ́n ń sá gbẹ. Ìyá tó ń tà á ní ilé díẹ̀ lèyí tí kò sí ọ̀kan lábẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan ń gbé ilé alájà mẹ́wàá lórí wọn.

Mo nájà bí ọmọ ìyálọ́jà. Mo lọ, mo padà, mo tún lọ. Nígbà tí a dórí owó tán, ìyá náà bu ewé lé e, ó ní "yapa." Mo ní kí ni yapa? Ó ní ohun tí ọlọ́jà fi ń lé e fún oníbàárà lẹ́yìn tó bá ti sanwó tán.

Èènì! Ẹ̀yin ará ilé, èènì ni! Nínú òtútù yẹn, níbi tí mi ò mọ ẹnì kan, ẹnì kan fún mi ní èènì. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Mo gba rìsíìtì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: sullu kan, èyí tó mọ níwọ̀n. Akọ̀wé owó wa kò béèrè ìbéèrè kankan.

Ẹni tó wá ṣe ètùtù náà, yatiri ni wọ́n ń pè é. Bàbá àgbà kan ni, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì kóòtù, ó gbé fóònù méjì. Wọ́n ní mànàmáná ló máa ń yan yatiri, pé ẹni tí àrá bá sán sí tí kò kú ni iṣẹ́ náà já lé lórí. Mo ní ayé ò dọ́gba. Níbi tí mo ti wá, bí àrá bá sán sílé rẹ láyé àtijọ́, àwọn oníṣàngó á wá kó ẹrù rẹ lọ, wọ́n á tún bu owó ètùtù lé ọ lórí. Níbí, iṣẹ́ ni wọ́n fún ọ.

Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó da ewé coca sí i bí ẹni da obì, ó ń wo èyí tó dojú délẹ̀ àti èyí tó ṣíjú sókè. Ó wò mí. Ó ní obìnrin kan ń bínú sí mi láti ọ̀nà jíjìn. Ojú kan náà ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Mi ò gbé e.

Wọ́n to ètùtù náà sórí bébà: súìtì oríṣiríṣi tí wọ́n ya ilé àti ọkọ̀ sí lára, òwú aláràbarà, ọ̀rá llama, ewé coca ní mẹ́ta-mẹ́ta, sullu lórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n dáná sun ún. Ọtí wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yíká. Oníná 96 ni, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ta díẹ̀ sílẹ̀, á sọ̀rọ̀, á mu díẹ̀. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ dúró ná kí n sọ ti 2016. Bàbá mi ń ṣe ìpìlẹ̀ ilé, ìyá bàbá mi gbé ṣínáàpù jáde, ó ní ká ta díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ ká tó gbẹ́ ẹ. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Mo fò dìde, mo já ìgò gbà lọ́wọ́ arúgbó, mo da gbogbo rẹ̀ nù níwájú àwọn ará àdúgbò, mo ń pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù. Màmá àgbà dúró kí n dà á tán. Ó ní: "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀kán ni mo fẹ́ ta sílẹ̀, o ti fún ilẹ̀ ní odidi ìgò."

Èmi yìí náà ni wọ́n gbé ife lé lọ́wọ́ ní Altiplano. Èdè Sípéènì tí mo gbọ́ nígbà yẹn kò ju ti ìdíyelé ọjà lọ. Mo lanu, ohun tó jáde ni: "Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí." N ò mọ ibi tó ti wá. Ohùn màmá àgbà ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi. Wọ́n pariwo "Jallalla!" Mo ní "Àṣẹ!" Mo tún rántí ara mi, mo ní "Lórúkọ Jésù." Maestro béèrè pé ṣé ìlú wa náà mọ Pachamama. Mo ní a bára tan.

Mo pe ìyá mi padà lálẹ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé.

"Ta ni Pásámámà?"

"Mọ́mì, Ìyá Ilẹ̀ ni."

"Ìyá ta ni? Ìyá méjì lo ní báyìí? Oṣù kan péré, obìnrin ti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Àwọn ará abúlé náà wá bá wa gbẹ́ ihò, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo yọ̀, mo ti ń ṣírò owó tó ṣẹ́kù. Ọjọ́ Sunday kan, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Maestro kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, ó gbé ọkọ́ lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ń wú pòtétò lábúlé, àwọn ń dúró dè mí. Ayni ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tó mọ àáró, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bàbá àgbà mi sọ fún mi nípa àáró bí ìtàn ìjàpá. Mi ò mọ̀ pé màá fi ẹ̀yìn ara mi san án lórí òkè. Mo ka ihò mẹ́jọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oko wọn.

Pòtétò yìí, tí ẹ̀yin ń pè ní Áíríìṣì, níbí ni ilé baba rẹ̀ wà. Áíríìṣì kàn yá a ni. Lóṣù Júùnù, nígbà tí òtútù bá ń dì nǹkan lóru, wọ́n á da pòtétò kéékèèké síta. Òru á mú un dì, oòrùn á yọ́ ọ, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sá a títí tí yóò fi dúdú, tí yóò fúyẹ́. Chuño nìyẹn. Ó lè wà nínú àpò fún ọdún púpọ̀. Mo gbé ẹyọ kan sójú, mo gbóòórùn rẹ̀, ọkàn mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: èlùbọ́.

Mo gbé kílò méjì lọ sí ẹ̀rọ ìlọ̀. Mo jọ̀ ọ́. Mo gbé omi kaná. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ní ibi gíga báyìí, omi máa ń hó ní bí ìwọ̀n 87, kì í dé 100. Ó ń hó, ó ń ta, irọ́ ló ń pa. Mo da ìyẹ̀fun sí i, mo rò ó, mo fi omorogùn jà títí èémí fi gé mi. Ohun tó jáde rí bíi kọnkéré tí òjò bà jẹ́. Ìyá onílé mi tọ́ ọ wò, ó dákẹ́, ó ní: "Ọmọ mi, kí ni chuño fi ṣe ọ́?" Maestro ní kí n má dà á nù, òun lè fi mú òpó dúró.

Ọlọ́run kò fi mí sílẹ̀ pátápátá. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ìyá kan ń ta api: àgbàdo aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sè kó ki, kànáfùrù ń ta sánsán nínú rẹ̀. Wọ́n á gbé pastel tó wú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òróró jáde, tì í. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Mo mu ife mẹ́ta, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ní 2024, ìlà epo bẹ̀rẹ̀. Dọ́là náà wọ́n. Ní báńkì, bolíviano 6.96 ni wọ́n kọ sí dọ́là kan, ṣùgbọ́n kò sí dọ́là ní báńkì. Ìbànújẹ́ bá gbogbo ọ́fíìsì wa. Wọ́n wá yí mi ká: Ẹnjiníà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi tí o ti wá? Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ dunjú nìyẹn. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń sùn sínú ọkọ̀ lórí ìlà, bí a ṣe ń fi kẹ́ẹ̀gì di àyè mú, ohùn tí a fi ń kí oní-pọ́ǹpù. Ẹnì kan lẹ́yìn ní ó jọ pé oríire mi ti ń tán. Mo gbọ́ ọ o.

Lọ́jọ́ 21 oṣù Júùnù ọdún yẹn, wọ́n kó wa lọ sí Tiwanaku, àwókù ìlú àtijọ́ kan, fún ọdún tuntun Aymara. Ọdún 5532 ni a wọ̀, mo wá ń bẹ̀rù pé wọn á fi ka gbèsè mi. Gbogbo èrò dúró nínú yìnyín láti òru, bí oòrùn ṣe yọ, gbogbo wọn na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ìṣọ́ òru nìyí, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ohùn "Halelúyà" mi ló lọ jìnnà jù.

Ó wá ku Alasitas, ọjọ́ 24 oṣù Jánúárì. Lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ yẹn, ohunkóhun tí o bá ń fẹ́ lọ́dún náà, o ní láti ra kékeré rẹ̀: ilé tó tó ìkúùkù, ọkọ̀ tó tó àtàǹpàkò, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, físà, owó dọ́là kéékèèké ní ìdì-ìdì. Òrìṣà rẹ̀ ni Ekeko, ọkùnrin kúkúrú onírunmú tí wọ́n di ẹrù rù láti ọrùn dé orúnkún, bí ẹni tó ń ti Dúbáì bọ̀. Wọ́n á gbé ohun tí o rà fún yatiri kó fi èéfín sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ fún fádà kó wọ́n omi mímọ́ sí i.

Mo ti mọ̀ pé ìyá mi á pariwo, ni mo bá fi fádà ṣáájú.

Ó dákẹ́. "Fádà wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Fádà gidi? Tó wọ aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó tún dákẹ́. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí pásítọ̀ wà ní yàrá kejì. "Ra ilé kan fún mi. Alájà kan. Kó ní géètì. Wò ó bóyá wọ́n ń ta èyí tó ní kànga. Àbúrò rẹ fẹ́ físà Kánádà. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé wọn kì í ta ìyàwó?"

Mo ní adìẹ kékeré ni wọ́n ń fún ọkùnrin tó ń wá ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ rà á fún un.

"Èmi ni mo rà á fún ọ. Ra mẹ́ta, màá san owó rẹ̀."

Bí mo ṣe dúró nínú èrò nìyẹn ní aago méjìlá ku díẹ̀: ilé alájà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, físà àbúrò mi lẹ́nu, adìẹ mẹ́ta lápò àyà, káàdì ìgbélùú tó tó èékánná tí mo rà fún ara mi. Mo ní kí ìyá tó tà á fún mi fi yapa sí i. Ó fi àpótí ìrìnnà kékeré kan lé e. Lẹ́yìn náà ló tó gbójú sókè wò mí dáadáa. Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ.

Mo ní rárá o, ìyá mi. Lónìí kọ́. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo na apá mi sí i.

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo apá mi. Ó já mi léèékánná, mo ké. Ó tún já mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ìyẹn ni yapa.